Kẹ̀kẹ́ Ńkọ́?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá dúró ní Abúlé Ẹ̀gbá lónìí, á rò pé ọ̀nà mọ́tò nìkan ló wọ ọjà.

Lọ́dún 2017, nígbà Gómìnà Akínwùnmí Ambode, ìjọba Èkó ṣí afárá ńlá kan níbẹ̀. Mi ò bá a wí o. Ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta bá ti dá lágara rí kò ní fojú di iṣẹ́ ọ̀hún. Lọ́dún 2020, bọ́ọ̀sì BRT náà gba ọ̀nà tirẹ̀, láti Òṣòdì dé Abúlé Ẹ̀gbá. Èyí náà dára. Oníkẹ̀kẹ́ ológeere wá ńkọ́?

Ẹ wò ó ná. Mọ́tò tó ní ẹ́ńjìnnì là ń kọ́ afárá tó rọra ń gòkè fún. Ẹlẹ́sẹ̀ tó jẹ́ pé orúnkún rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì, àtẹ̀gùn ló máa ń bá nídìí ọ̀pọ̀ afárá tirẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ ní tiẹ̀, àfi kó gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká. Ṣé ẹ̀tọ́ nìyẹn?

Ní Copenhagen, olú-ìlú Denmark, àwọn oníkẹ̀kẹ́ náà ti gbé kẹ̀kẹ́ lórí àtẹ̀gùn rí, létí omi èbúté kan. Lọ́dún 2014, ìlú náà kọ́ afárá kẹ̀kẹ́ síbẹ̀, tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò. Ejò náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bíi mítà 4 lọ. Kẹ̀kẹ́ kò kúkú wúwo bíi tírélà, afárá tó máa gbé e kò ní láti ki bíi ti tírélà.

Ẹnìkan á ní, “Èèyàn mélòó ló ń gun kẹ̀kẹ́ l'Ékòó?” Ẹni tó ti ilẹ̀kùn pa ló ń sọ pé àlejò ò wá. Láyé àwọn bàbá wa, kẹ̀kẹ́ ni tíṣà, kẹ̀kẹ́ ni ẹlẹ́mu.

Lójú tèmi, ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ló yẹ kí ìlú kọ́kọ́ rò. Bí a bá ní kí ọlọ́kọ̀ yí po, epo díẹ̀ ló máa jó. Bí a bá ní kí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ yí po, òógùn ara wọn ni wọ́n máa fi san án. Bó bá sì sú wọn, tí wọ́n sáré gba àárín títì, ẹ̀mí wọn ni wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ yẹn.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún ń ya àwòrán afárá mìíràn sórí pépà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi wọ́n: níbo ni kẹ̀kẹ́ máa gbà?