Ta Ló Bá Ọkọ̀ Lọ Láìpadà?

Bí ibi bá jáde lójú ọpọ́n, babaláwo tó mọṣẹ́ kì í sáré dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ti jókòó ti bàbá tó kọ́ mi nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Yóò gbé owó ẹyọ àti egungun kékeré lé ẹni tó wá dáfá lọ́wọ́, yóò ní kó pa ọ̀kan mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, kó pa èkejì mọ́ ọwọ́ òsì, kí òun má mọ èyí tó wà níbì kan. Ìbò nìyẹn. Yóò wá tún ọ̀pẹ̀lẹ̀ gbé sọlẹ̀. Irú ibi wo ni? Ọ̀dọ̀ ta ló ti wá? Ṣé ará ilé ni, ṣé ará òde ni, àbí ẹni náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á? Ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan, kò sí ìkánjú níbẹ̀. Ẹni tó wá dáfá ti lè máa fọkàn sí orogún ìyá rẹ̀ láti ilé. Bí Ifá bá wá ní àfọwọ́fà ni, ẹnu rẹ̀ á wọhò.

Sùúrù ìbò yìí ni mo máa ń wá kiri nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan ti lọ forí sọ èbúté, nítorí pé kí wọ́n tó so ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ tán ni ayé ti ń dárúkọ ẹni tó jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká wo ti Venice, ní Ítálì. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà ọdún 2019, nǹkan bí agogo mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀. Ọkọ̀ MSC Opera, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 275, ń gba ojú omi Giudecca bọ̀ láàárín ìlú. Ọkọ̀ kékeré alágbára méjì ló ń fà á, irú èyí tí àwọn ará èbúté ń pè ní tọ́ọ̀gì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì kò gbọ́ràn mọ́: iwájú ṣáá ló ń tì í lọ, eré ọkọ̀ sì ń pọ̀ sí i níbi tó yẹ kó ti máa rọlẹ̀. Tọ́ọ̀gì fà á títí, okùn já. Okùn tí wọ́n fi ń fa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe okùn tí wọ́n fi ń fami nínú kànga. Bó bá fà le tó já, bí ẹgba ló ṣe ń fò padà, ó lè ṣẹ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, ó lè pa á. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìdí ọkọ̀ mọ ibi tí èèyàn kì í dúró sí bí okùn bá ti le. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè láìdákẹ́. Àwọn tó wà lórí èbúté San Basilio fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó ha èbúté, ó sì rọ́ lu River Countess, ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò tí wọ́n so jẹ́ẹ́jẹ́ síbẹ̀. Èèyàn bíi mélòó kan fara pa díẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni àríwísí bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ní ẹ̀rọ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá àwọn ọlọ́kọ̀ tọ́ọ̀gì ní ẹ́ńjìnnì ló há sórí eré. Àwọn ọmọ ìlú ní ìjọba ni, nítorí pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń pariwo. Kí ni Ifá yóò ní ká béèrè?

Nínú odù Ifá tó ń jẹ́ Ògúndá Méjì, Ọ̀rúnmìlà kó àwọn òrìṣà jọ, ó bi wọ́n pé èwo nínú wọn ló lè bá ẹni tó ń sìn ín rìnrìn àjò dé òkun láìyẹsẹ̀, láìpadà. Ṣàngó ní òun lè ṣe é. Wọ́n ní bó bá wá rìn títí tó dé Kòso ńkọ́, tí wọ́n gbé oúnjẹ tó fẹ́ràn síwájú rẹ̀? Ó ní bí òun bá yó tán, òun á padà sílé òun. Báyìí ni wọ́n bi gbogbo wọn, kálukú ló sì ní ìlú tí yóò yà sí. Orí nìkan ni wọ́n rí pé kò níbòmíràn tó ń lọ, ibi tí olúwa rẹ̀ bá ń lọ náà ni.

Ẹ fi ìtàn yìí wo èbúté. Bí ọkọ̀ bá sún mọ́ ilẹ̀, ọmọ ibẹ̀ kan tó mọ omi náà dunjú, tó mọ ibi tí iyanrìn ti ga àti bí omi ṣe ń ṣàn, máa ń wọ inú rẹ̀ láti tọ́ ọ sọ́nà. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ó ti dé Kòso tirẹ̀ nìyẹn, ilé ló ń lọ. Tọ́ọ̀gì náà á tú okùn, á wá ọkọ̀ mìíràn lọ. Ọ̀gá atukọ̀ ni kì í padà. Ìdí rèé tí òfin ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ fi sọ pé ìmọ̀ràn ni ti atọ́nà, àṣẹ ni ti ọ̀gá atukọ̀. Láti ọdún 1868, nínú ẹjọ́ ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ The China, ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti dá a pé bí òfin bá tilẹ̀ fi dandan mú ọkọ̀ láti gba atọ́nà, tí atọ́nà náà sì ṣàṣìṣe, ọkọ̀ ni yóò san án. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1987 náà kò yọ ọlọ́kọ̀ sílẹ̀. Ojú omi Panama ló yàtọ̀: níbẹ̀, atọ́nà ni wọ́n ń fa ìdarí ọkọ̀ lé lọ́wọ́.

Mo fara mọ́ òfin yìí. Ẹni tí kì í padà ló yẹ kó kọ́kọ́ dáhùn. Ohun tí Francesco Schettino ṣe dùn mí títí dòní, ọ̀gá atukọ̀ Costa Concordia, tó fi ọkọ̀ gbá àpáta létí erékùṣù Giglio lọ́jọ́ kẹtàlá oṣù Kìíní ọdún 2012. Èèyàn 32 ló kú. Ó ti bọ́ sílẹ̀ nígbà tí èèyàn ṣì wà nínú ọkọ̀. Orí tó padà lẹ́yìn olúwa rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún ẹ̀wọ̀n ni wọ́n dá fún un lọ́dún 2015, mi ò sì rò pé ó pọ̀ jù. Àmọ́ mílíọ̀nù kan owó Yúróò ni ilé iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ san tí ẹjọ́ ilé iṣẹ́ náà fi parí, ìyẹn ló ń kọ mí lóminú.

Ìbò kò tíì tán o. Ifá tún ní ìtàn kan: gbogbo Orí péjọ, wọ́n ń gbìmọ̀, wọn ò pe Ẹsẹ̀ sí i. Èṣù ní òun ń wò wọ́n bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe gún. Ọ̀rọ̀ ò gún, ìjà ni wọ́n fi tú ká, àfìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀.

Oṣù méjì péré lẹ́yìn ikú àwọn ará Costa Concordia, ní oṣù Kẹta ọdún 2012, ìjọba Ítálì ṣòfin pé ọkọ̀ tó bá ju 40,000 tọ́ọ̀nù lọ kò gbọdọ̀ gba iwájú ojúde San Marco ní Venice àti ojú omi Giudecca mọ́. Òfin dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kò ní í múlẹ̀ títí wọ́n á fi rí ọ̀nà mìíràn tí ọkọ̀ á máa gbà. Orí ti sọ̀rọ̀, kò sí Ẹsẹ̀ tí yóò gbé e rìn. MSC Opera tó lọ rọ́ lu èbúté yẹn lé ní 65,000 tọ́ọ̀nù. Ọdún keje tí wọ́n ti ṣòfin pé kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ ló gba ibẹ̀.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, àwọn ọmọ Venice ń wọ́de, wọ́n ń wa ọkọ̀ ojú omi kéékèèké jáde lọ fi ẹ̀hónú hàn. Lọ́dún 2017 wọ́n ṣètò ìdìbò fúnra wọn. Èèyàn tó dìbò tó bí 18,000, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ní kí ọkọ̀ ńlá máa lọ. Àwọn tó ń rí ìgbì ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn lójoojúmọ́, ta ló pè wọ́n sípàdé? Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ti MSC Opera, lọ́jọ́ keje oṣù Keje, ìjì gbé ọkọ̀ ìgbafẹ́ mìíràn ní Venice, Costa Deliziosa, díẹ̀ báyìí ló kù kó kọ lu ọkọ̀ tí wọ́n so sí etí omi. Tọ́ọ̀gì ló fi tipátipá dá a dúró.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé ọrùn ta ni ti San Basilio wà, màá ní ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ lẹ́jọ́ tirẹ̀ láti rò, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́jọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣòfin aláìlẹ́sẹ̀ lọ́dún 2012 ni ìbò bá. Àfọwọ́fà ni.

Ọdún 2021 ni wọ́n tó ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀. Ìjọba ní láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ọkọ̀ tó bá gùn ju mítà 180 lọ, tàbí tó ga ju mítà 35 lọ, tàbí tó ju 25,000 tọ́ọ̀nù lọ, kò gbọdọ̀ gba iwájú San Marco àti ojú omi Giudecca kọjá mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí òfin náà yóò dí lọ́wọ́, wọ́n sì yan ẹni tí yóò bójú tó kíkọ́ ibi ìgúnlẹ̀ sí Marghera, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà lódìkejì omi. Ẹnu ọ̀nà omi Malamocco làwọn ọkọ̀ ńlá tó ń lọ síbẹ̀ ń gbà wọlé báyìí, wọn kì í fojú kan San Marco.