Ìbò àti Ìpẹ̀tẹ̀ Jakọbu

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ọmọ ilé-ìwé, ẹni tí ebi ń pa, tí ó sì fi ìbò rẹ̀ gba owó, ọrùn ta ni ẹ̀bi náà wà?

Nígbà tí Gómìnà Hugh Clifford gbé òfin 1922 kalẹ̀, a fún Èkó ní ìjókòó mẹ́ta nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, a sì fún Kàlábá ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kìkì ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún kò dín ní £100 ni ó lè dìbò. Irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó yó nìkan ni ó lè ro ire ìlú.

Ǹjẹ́ òtítọ́ ni? Ẹgbẹ́ Herbert Macaulay ni àwọn ọlọ́gọ́rùn-ún pọ́ùn ti Èkó yàn ní 1923, ní 1928 àti ní 1933. Àwọn obìnrin ọjà, tí wọn kò ní ìbò rárá, sì wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ náà gbágbágbá. Ní 1938 àwọn olówó kan náà yí padà sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tí ó dìbò kí owó-orí rẹ̀ má baà pọ̀, ikùn ara rẹ̀ ni òun pẹ̀lú ń rò, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni a ń pè é.

Òfin 1946 sọ £100 di £50. Nígbà tí ó di 1959, gbogbo àgbàlagbà ní Gúúsù, lọ́kùnrin lóbìnrin, lè dìbò. Àwọn obìnrin Àríwá ṣì ń dúró. Ọgbà wó, ṣùgbọ́n ebi kò lọ. Ní 2018 gbólóhùn kan gba ẹnu àwọn ará Èkìtì: “Dìbò kí o sebẹ̀.” Òfin Ìdìbò ti 2022 sì pèsè ìyà fún ẹni tí ó fi owó ra ìbò àti ẹni tí ó gbà á.

Nínú ìwàásù, Esau ni a máa ń bá wí (èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà). Ó ti igbó ọdẹ dé, ó rẹ̀ ẹ́ púpọ̀púpọ̀. Ìkòkò arákùnrin rẹ̀ wà lórí iná. Jakọbu ìbá bù fún un. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó dá iye lé e. Èmi kò sọ pé Esau kò jẹ̀bi, nítorí ogún ìbí kì í ṣe ohun títà. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tí ó gba owó ọbẹ̀ alẹ́ kan kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pebi ní ọjọ́ ìdìbò. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ìkòkò rẹ̀ ti gbẹ, ẹni tí ó wà nídìí oúnjẹ ìlú láti ìgbà náà ni ó sì tún gbé ṣíbí kan wá tà fún un.