Gbèsè Tí A Kò Tí ì Wá Gbà



Ní òpin ọdún tí ó kọjá, baálé ilé kan wá bá mi lẹ́yìn Mísà òwúrọ̀, ó mú owó Mísà ìdúpẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi ìnáwó ní Òṣogbo. Ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu ọtí níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó wa ọkọ̀ náà padà sí Iléṣà. Ọwọ́ kan ni ó fi di ọkọ̀ mú, ó fi èkejì di fóònù mú. Ó dé ilé láyọ̀. Bàbá náà wí pé, "Fadá, Ọlọ́run ni ó bá a wa ọkọ̀ náà. Kò gbá ẹnikẹ́ni. Kí ni a tún fẹ́ wí bí kò ṣe ọpẹ́?"

Mo gba owó náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Bí ọmọ náà bá ti gbá ìyá arúgbó kan lóru ọjọ́ náà, gbogbo wa ni ì bá pè é ní apànìyàn. Nítorí pé ìyá arúgbó náà ti lọ sùn, a ń dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọtí kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni, ìwà kan náà ni. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹ̀bi ènìyàn dúró lórí pé ẹlòmíràn tètè sùn?

Kò yẹ kí ìbéèrè yìí ṣòro fún àwa ará ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn bàbá wa ta aṣọ ní àwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. A sì ń pè wọ́n ní Òṣómàáló, nítorí pé bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn. Ọjọ́ wo ni gbèsè bẹ̀rẹ̀? Kì í ṣe ọjọ́ tí Òṣómàáló lóṣòó. Ọjọ́ tí a gbé aṣọ wọlé ni. Ẹni tí Òṣómàáló kò tí ì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí kò jẹ gbèsè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó gbé ife sẹ́nu, tí ó sì mọ̀ pé òun ni yóò wa ọkọ̀ lọ sílé. Kò dúró de ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dà sílẹ̀.

Ohun tí Ìjọ Mímọ́ kọ́ wa náà nìyí. Katikísímù tí Póòpù John Paul Kejì fọwọ́ sí ní 1992 wí ní ìpín 2290 pé ẹni tí ó bá fi ìmutípara tàbí ìfẹ́ eré àsápajúdé wu ara rẹ̀ àti ẹlòmíràn léwu lójú ọ̀nà jẹ̀bi gidigidi. Ẹ ṣàkíyèsí i: kò wí pé ẹni tí ó bá pa ènìyàn, ẹni tí ó bá wu ènìyàn léwu ni ó wí.

Àwọn kan a máa wí pé, "Ọtí ni, kì í ṣe òun." Aristotle ti dáhùn èyí ṣáájú ìbí Olúwa wa. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn aṣòfin kan a máa fi ìyà ìlọ́po méjì jẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ nínú ọtí, nítorí pé agbára àti má mutí yó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn a ní àmúwá Ọlọ́run ni, tàbí pé ayé ni. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ni ó gbé ife fún ọmọ náà, ayé kọ́ ni ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ta ni ó fún un? Òfin ilẹ̀ wa kò fún ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Bàbá sì ń yangàn pé ọmọ òun ti mọ ọkọ̀ wà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n àgbà wà níbi ìnáwó náà, wọ́n rí ife lọ́wọ́ ọmọdé, wọ́n rẹ́rìn-ín. Àjọ Ìlera Àgbáyé wí nínú ìròyìn rẹ̀ ti 2023 pé ìjàm̀bá ojú ọ̀nà ni ó ń pa àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 5 sí 29 jù lọ ní ayé. Ní 1977, nígbà tí Òṣogbo àti Iléṣà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, a dá ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà sílẹ̀ pẹ̀lú ìsapá Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká. Ní 1988 ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí lè dúró sójú títì Àkúrẹ́. Wọn kò lè dúró nínú yàrá tí bàbá ń fi kọ́kọ́rọ́ sí.

Mo ránṣẹ́ pe bàbá náà padà. Mo sọ fún un pé n óò rú ẹbọ Mísà náà, nítorí ọpẹ́ tọ́ sí Ọlọ́run tí ó fi àyè ìrònúpìwàdà sílẹ̀ fún ọmọ náà. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà kọ́kọ́ lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kí bàbá pẹ̀lú sì lọ. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Fadá, èmi náà?" Mo ní, "Ẹ̀yin náà, Bàbá." Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n sọ ọ́ fún yín, láì dárúkọ òun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ẹ bá rí i tí ó mutí, ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ó wà á. Ẹ fi fóònù sínú àpò títí ọkọ̀ yóò fi dúró. Ẹ̀yin òbí, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Bí ẹ bá sì ti jẹ irú gbèsè yìí rí, tí ẹnikẹ́ni kò wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà yín, ẹ má ṣe wí pé ẹ kò jẹ ẹ́. Ẹ wá san án nísinsìnyí, nígbà tí ó jẹ́ pé ìrònúpìwàdà nìkan ni a ń béèrè lọ́wọ́ yín.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ wa ní àlọ àti ní àbọ̀. Àmín.