Ọwọ́ Dilẹ̀, Etí Dí

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ ṣí Bíbélì yín sí ní oṣù yìí ni Ìhìnrere Máàkù, orí karùn-ún, láti ẹsẹ 21 títí dé òpin orí náà. Ẹ kà á ní ilé kí ẹ tó ka èyí tí a kọ yìí, nítorí a kò ní tún gbogbo rẹ̀ sọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní ìgbà òjò tí ó kọjá, lẹ́yìn Ìsìn Òwúrọ̀, ìyá àgbà kan, opó, dúró dè wá ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìsìn. Ó ní, "Bàbá Àlùfáà, ẹ jọ̀wọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ." A wí fún un pé, "Ẹ máa wí, Màmá, à ń gbọ́." Bẹ́ẹ̀ ni a wí. Ṣùgbọ́n íápíìsì kékeré kan wà ní etí wa ọ̀tún, irú èyí tí kò ní okùn, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Bluetooth. Ìyá náà kò tí ì sọ tó gbólóhùn mẹ́ta tí ó fi dún. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ìjọ ni ó ń pè nítorí ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ sí ìpàdé. A fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, a sì ń dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni. Aago mélòó? Ó dára." Ojú wa wà lára ìyá náà, a tilẹ̀ ń mi orí sí i. Ó kọ́kọ́ rò pé òun ni a ń dá lóhùn, ó sì béèrè pé, "Aago kí ni, Bàbá?" Nígbà tí ó rí ohun tí ó wà ní etí wa, ó dákẹ́. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó yíkàá díẹ̀, ó ní, "Ẹ máa bá iṣẹ́ Olúwa lọ, Bàbá," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn wá títí a fi dé ilé. Níbẹ̀ ni ó ti yé wa pé iṣẹ́ Olúwa tí ó ní kí a máa bá lọ, òun fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ náà, a sì ti jẹ́ kí ó lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a fẹ́ gbé ohun èlò yìí gégùn-ún. Ní ìlú Lund, ní ilẹ̀ Swídìn, ní ọdún 1994, ni àwọn ẹlẹ́rọ ilé-iṣẹ́ Ericsson bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí fóònù yóò fi máa bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ láìsí okùn láàrín wọn. Ní ọdún 1997, Jim Kardach, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Intel, dá a lábàá pé kí a fi orúkọ àpèjẹ́ Harald, ọba Dẹ́ńmákì, pe ọgbọ́n tuntun náà. Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún tí ọba náà ti wàjà. Òun ni ó so àwọn ará Dẹ́ńmákì àti Nọ́wè pọ̀ lábẹ́ ìjọba kan, ìrètí àwọn ẹlẹ́rọ sì ni pé ọgbọ́n yìí yóò so àwọn ẹ̀rọ pọ̀ bákan náà. Òkúta ńlá tí ọba yìí gbé kalẹ̀ ní ìlú Jelling ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ó mú kí a kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé òun ni ó sọ àwọn ará Dẹ́ńmákì di Krìstẹ́nì. Àmì kékeré tí ẹ ń rí lójú fóònù yín, lẹ́tà méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni, ní irú ìkọ̀wé àtijọ́ ti ilẹ̀ wọn. Ẹ wo bí orúkọ ọba onígbàgbọ́ ti wà ní etí gbogbo wa, tí a kò sì mọ̀!

Ní ọdún 1999 ni irú íápíìsì yìí kọ́kọ́ jáde, ọdún méjì kí fóònù GSM tó dé ilẹ̀ Nàìjíríà. Rédíò kékeré kan àti bátìrì rẹ̀ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ibi tí ohùn ń gbà wọlé àti ibi tí ó ń gbà jáde. Òun àti fóònù lè jìnnà sí ara wọn tó ìwọ̀n mítà 10. Kí ọ̀rọ̀ wọn má baà dàrú mọ́ ti aládùúgbò, wọn a máa fò láti ojú ọ̀nà kan sí òmíràn nínú ojú ọ̀nà 79, ní ìgbà 1,600 láàrín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ni wọ́n ni yóò kọ́kọ́ fi ọ̀kan mọ èkejì; lẹ́yìn náà wọn kì í ṣi ara wọn mọ̀. Oníwàásù tí ó bá fẹ́ lè rí Jòhánù orí kẹwàá nínú èyí. A fi í sílẹ̀ fún un.

Ó sì ń ṣe ìrànlọ́wọ́. Alákàrà tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀wà lílọ̀ lè dá ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní òkè òkun lóhùn. Ẹni tí àrùn rọ ọwọ́ rẹ̀ kan lè ba ti fóònù tì láìbẹ ẹnikẹ́ni kí ó bá òun gbé e dání. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n nítorí pé ọwọ́ dilẹ̀, a rò pé ọkàn náà dilẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Ní ọdún 1997, a tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn awakọ̀ 699 ní ìlú Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà, tí wọ́n ní fóònù tí ọkọ̀ wọn sì kọlu nǹkan. Àwọn olùwádìí rí i pé ewu ìjàm̀bá di ìlọ́po mẹ́rin ní àkókò tí awakọ̀ bá ń lo fóònù. Wọn kò sì rí i pé fóònù tí a kò fi ọwọ́ dì mú sàn ju èyí tí a fi ọwọ́ dì mú lọ. Ẹ̀yin awakọ̀ inú ìjọ, ẹ tún ibẹ̀ kà. Ẹni tí ó jókòó tì yín nínú ọkọ̀ ń rí ojú ọ̀nà. Bí màlúù bá já sí títì, yóò dákẹ́, tàbí kí ó kígbe. Ẹni tí ó wà ní etí yín kò rí màlúù. Yóò máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, yóò sì máa retí ìdáhùn. Nítorí náà, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ tó dá a lóhùn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó pè wá ní ọjọ́ náà kò rí opó tí ó dúró níwájú wa. Kò jẹ̀bi. Àwa ni a rí i. Àwọn baba wa ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Àwa fún ìyá náà ní ojú, ṣùgbọ́n a ti gbé etí fún ẹlòmíràn.

Ǹjẹ́ ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹ̀kọ́ wa. Olúwa wa ń lọ sí ilé Jáírù. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ń kú lọ. Ìpè wo ni ó tún lè kánjú ju èyí lọ? Ogunlọ́gọ̀ ń há a ní àyè. Obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀ fún ọdún 12 fi ọwọ́ kan aṣọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì rí ìwòsàn lójú kan náà. A fẹ́ kí ẹ dúró níbí yìí. Ara rẹ̀ ti dá. Kò tún béèrè ohunkóhun. Sísá ni ó fẹ́ sá lọ. Bí ó bá jẹ́ ti ìwòsàn nìkan ni, Olúwa ìbá ti máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, nǹkan kan kì bá sì dín. Ṣùgbọ́n ó dúró. Ó béèrè. Ó ń wo yíká, títí obìnrin náà fi jáde pẹ̀lú ìwárìrì, tí ó sọ gbogbo òtítọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ ọdún 12 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan.

Jáírù ńkọ́? Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọ rẹ̀ ń kú, ó sì ń wo bí a ti ń fi etí sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Kí obìnrin náà tó lọ, àwọn oníṣẹ́ dé láti ilé rẹ̀ pé ọmọ ti kú. Gbígbọ́ ní iye tí ó ń náni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín pé ọ̀fẹ́ ni. Olúwa wa kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Jáírù pé òun dúró. Ó ní kí ó má bẹ̀rù, ó sì bá a lọ sí ilé rẹ̀. Ìpè kejì kò ṣègbé nítorí pé a gbọ́ ti èkínní tán.

Ní ti àwọn tí ń fi íápíìsì sí abẹ́ gèlè nígbà ìwàásù, wọ́n mọ ara wọn. Àwa tí a ń wàásù fún wọn, tí a sì ń fi í sí etí ní ẹnu ọ̀nà, ni a ń bá wí.

A lọ sí ilé ìyá náà ní ọjọ́ Ẹtì. Ó fún wa ní omi, ó sì ń sọ̀rọ̀ òjò. A tún lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ní kò sí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ náà ti lọ. Ní ìgbà kẹta, a bá a níbi tí ó ti ń ṣa ẹ̀gúsí, a jókòó tì í, a bá a ṣà á. Ìgbà tí àwo náà kù díẹ̀ kí ó kún ni ó bẹ̀rẹ̀. Kò ní ẹnu wa láti sọ ohun tí ó sọ fún wa. Ilẹ̀ ti ṣú kí ó tó parí rẹ̀. Fóònù wa wà ní ilé, lórí tábìlì, àti íápíìsì náà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí a dé, a bá ìpè mẹ́sàn-án níbẹ̀.