Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Olùtajà Ṣe Adájọ́ Ọjà Rẹ̀?

Bí a bá dé ìdí ata lọ́jà, kò sí aláta tí yóò wí fún wa pé ata òun kò ta. A kì í bínú sí i, nítorí pé a ní ojú tí a fi ń wo ata náà àti ahọ́n tí a fi ń tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n ìtànṣán tí ń jáde lára yuréníọ̀mù kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó lè wọ ara ènìyàn lónìí kí àrùn rẹ̀ tó hàn lẹ́yìn ogún ọdún. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nìkan ni ará ìlú lè gbára lé. Ta ni ó yẹ kí ẹlòmíràn náà jẹ́?

Ní 1946 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dá Àjọ Agbára Átọ́míìkì sílẹ̀. Òfin 1954 wá gbé iṣẹ́ méjì lé àjọ kan ṣoṣo yìí lọ́wọ́: kí ó máa ti àwọn tí ń fi agbára náà pèsè iná mànàmáná lẹ́yìn, kí ó sì tún máa ṣọ́ àwọn kan náà kí wọ́n má baà pa ará ìlú lára. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Níhìn-ín, adájọ́ gan-an ni ẹnìkan náà. Síbẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí má ṣe sáré pe ẹnikẹ́ni ní olè. Onímọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ wọn ni púpọ̀ nínú wọn, ìfẹ́ yẹn gan-an ni mo sì kà sí ewu. Ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún polongo ohun kan, ojú rẹ̀ a máa fo àbùkù ohun náà kọjá láì jẹ́ pé ó purọ́. Òfin 1974 ni ó tú àjọ náà ká, tí ó ya iṣẹ́ ìṣọ́ sọ́tọ̀.

Jàpáánù kò tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń polongo agbára átọ́míìkì ni àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ wà títí omi òkun fi ya bo Fukushima ní oṣù kẹta 2011, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ilé baba wọn sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin wọn gbé dìde sọ ní 2012 pé àfọwọ́fà ènìyàn ni àjálù náà.

Ní Nàìjíríà, òfin 1976 ni ó dá àjọ tí yóò gbé ìmọ̀ yìí lárugẹ sílẹ̀. Òfin 1995 ni ó dá ti ẹ̀ṣọ́, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001, kí ìléru kékeré tí a fi ń ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004. Ètò yìí dára. Ṣùgbọ́n a lè kọ́ ilé méjì, kí ó jẹ́ pé inú àpò kan náà ni owó oṣù àwọn ará ilé méjèèjì ti ń jáde. Ìyá tí ń ta àkàrà lẹ́bàá ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà lè má gbọ́ nípa òfin 1995 láéláé. Ohun tí ó kàn án ni pé, ní ọjọ́ tí ẹ̀ṣọ́ bá rí àléébù, kí ó lè kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n pa ìléru náà, kí ó sì tún bá iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí ó fi í sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.