Àárẹ̀ àti Àwáwí

Kò sí ẹ̀rí tí ó rọrùn láti jẹ́, tí ó sì ṣòro láti já, bí ẹ̀rí ẹni tí ó wí pé, "Ó rẹ̀ mí." Ta ni yóò wọ inú egungun ẹlòmíràn lọ wò? Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò pẹ̀lú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí: níbo ni àárẹ̀ parí sí, níbo sì ni àwáwí ti bẹ̀rẹ̀? Ìrìn-àjò kan tí àwa nìkan rìn lórí kẹ̀kẹ́ ni ó gbé e kalẹ̀ níwájú wa.

Ìgbà ọyẹ́ ni. A ti fi òwúrọ̀ bi àwọn ọmọ léèrè ẹ̀kọ́ wọn ní Àkànrán, nígbà tí ó sì di ọ̀sán a gun kẹ̀kẹ́, ó di ìhà Lálúpọn. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ náà mọ̀ pé kò tẹ́jú: bí a bá ti sọ̀kalẹ̀ dé etí odò kan, òkè mìíràn ni yóò máa dúró dè wá ní òdì kejì. Àríwá ni a dojú kọ, láti àárín àríwá àti ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ti ń ru eruku Aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀. Nítorí náà ojú wa ni ó ń gbá láti ìgbà tí a ti gbéra. Ètè wa là. Eruku pupa bo ewé kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, pẹ́dàlì sì wúwo bí ọlọ. (Ní ayé ìsinsìnyí tí ọkadà ti gba ọ̀nà oko, àwọn ọ̀dọ́ a máa fi ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ ológere rẹ́rìn-ín. A kò bá wọn jà.) Kí a tó dé Ẹgbẹ́dá, ẹsẹ̀ wa ti ń gbọ̀n. A sọ̀kalẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè kan, a ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè.

Èyí kì í ṣe ìtìjú. Ní 1891, Angelo Mosso, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Turin ní ilẹ̀ Ítálì, tẹ ìwé kan jáde lórí àárẹ̀. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tí ènìyàn ń fi ìka kan ṣoṣo gbé ohun wíwúwo sókè léraléra, ó sì rí i pé olùkọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò tán kò lè gbé e tó bí ó ti ń gbé e tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìka náà kò ṣe iṣẹ́ kankan. Àwọn olùkọ́ yóò gba èyí gbọ́ láìbéèrè ẹ̀rí. Òótọ́ ni àárẹ̀, kì í sì í ṣe inú ẹsẹ̀ nìkan ni ó ń gbé.

Ní ìdajì òkè náà, ìyá arúgbó kan ti sọ ẹrù ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ kú ìrìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ẹrù yìí sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yín dé òkè ọ̀hún." Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wa ṣófo. A ní kí ó má bínú, pé ẹsẹ̀ wa kò gbé wa mọ́. Ó ní, "Kò burú, ọmọ mi. Ẹ rọra máa lọ."

A dé orí òkè, a gun kẹ̀kẹ́, a sì yí gẹ̀rẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, ajá méjì bú jáde láti abúlé kan, wọ́n gbá tẹ̀lé wa. Òkè tí ó kàn ga ju ti ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n a kò sọ̀kalẹ̀. Orí ìjókòó ni a wà títí a fi dé òkè téńté, nígbà tí àwọn ajá náà ti padà lẹ́yìn wa tipẹ́. Níbẹ̀ ni a dúró, tí a ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ojú sì tì wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó rí wa. Agbára tí ẹ̀rù bá nínú ẹsẹ̀ wa, níbo ni ó wà nígbà tí àánú wá a wá?

Ẹnìkan lè dáhùn pé ara a máa fi agbára díẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ ewu, àti pé ẹni tí ó bá ná an lórí ẹrù gbogbo kì yóò pẹ́ láyé. Ìdáhùn yìí wúwo, a kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa kò wo inú àká náà rárá kí a tó wí pé ó ṣófo. Kí ìyá náà tó sọ̀rọ̀ tán ni èsì ti wà lẹ́nu wa. Irọ́ kọ́ ni a pa. Ẹsẹ̀ wa ń ro wá ní tòótọ́. Òtítọ́ náà gan-an ni a fi ṣe àwáwí, èyí ni ó sì mú kí ó ṣòro láti mọ̀.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ wa ṣe pàṣán fún ẹlòmíràn. Ní 1968, àwọn àgbẹ̀ Àkànrán kan náà tí a ti ọ̀dọ̀ wọn bọ̀, pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ mìíràn tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà, wí pé owó-orí ti ju agbára àwọn lọ. A kò gbà wọ́n gbọ́; ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò kí ìjọba tó dín owó náà kù ní 1969. Ẹni tí ó bá wí fún wa pé ó rẹ òun, ó yẹ kí a gbà á gbọ́. Àwa fúnra wa ni kí a tún bi léèrè lẹ́ẹ̀kejì.

A yí kẹ̀kẹ́ padà. Àwọn ajá náà wò wá, wọn kò tilẹ̀ dìde. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a pàdé ìyá náà nítòsí orí òkè; ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ ni ó ru ẹrù náà, igi ìdáná tirẹ̀ wà lábẹ́ abíyá. Òun pẹ̀lú ti oko dé. A na ọwọ́ sí ẹrù náà, ṣùgbọ́n ọmọ náà ní òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé. Ìyá náà wò wá láti òkè dé ilẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹsẹ̀ yín ti sàn?"