Ikú Nínú Ìkòkò

(Ẹ ka Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 4, ẹsẹ 38 títí dé 41)

Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ti rọ̀, àwọn ọmọ wa sì ti ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú olú nínú igbá àti ẹ̀fọ́ nínú agbọ̀n. Àkókò yìí kan náà ni iṣu àtijọ́ ń tán lọ nínú abà, tí tuntun kò sì tíì ta. Nítorí náà ni mo ṣe mú ẹ̀kọ́ oṣù yìí láti inú ìtàn ìkòkò ọbẹ̀ kan. Ọlọ́run tí ó bá Mósè sọ̀rọ̀ láti inú igbẹ́ tí iná ń jó lè bá àwa náà sọ̀rọ̀ láti ẹnu ìkòkò.

Ìyàn mú ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Wòlíì Èlíṣà wà ní Gílígálì, àwọn ọmọ wòlíì sì jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí ìránṣẹ́ òun gbé ìkòkò ńlá ka iná. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá jáde lọ sí pápá láti wá ewébẹ̀. Ó rí ìtàkùn kan tí ó so, ó ká èso rẹ̀ kún aṣọ rẹ̀, ó gbé e wálé, ó sì rẹ́ ẹ sínú ìkòkò. Kò sí ẹnìkan tí ó mọ ohun tí í ṣe. Nígbà tí a bu oúnjẹ náà tí wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n kígbe sí ènìyàn Ọlọ́run pé ikú ń bẹ nínú rẹ̀. Èlíṣà béèrè ìyẹ̀fun, ó dà á sí i, ó sì ní kí a bù ú fún gbogbo wọn. Wọ́n jẹ ẹ́, ibi kan kò sì bá wọn.

Àwọn tí ó mọ ewéko ilẹ̀ náà rò pé èso ìtàkùn yìí ni bàrà aṣálẹ̀, tí ó korò bí jogbo, tí ó sì ń ṣí ènìyàn nínú títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ìbátan ni ó jẹ́ fún bàrà tiwa, tí a ń gba ẹ̀gúsí nínú rẹ̀. Ara bàrà tiwa náà korò, a kì í jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa mọ̀ pé kí a kó o jọ, kí a fọ́ ọ, kí a jẹ́ kí ara rẹ̀ rà, kí a wá ṣa hóró inú rẹ̀, kí a fọ̀ ọ́ mọ́, kí a sì sá a sí oòrùn. Ìdílé kan náà ni ìtàkùn méjèèjì. Ọ̀kan mú ẹkún wọ ilé àwọn wòlíì. Èkejì ni a fi ń ṣe àlejò lọ́jọ́ Kérésìmesì. Kí ni ó wà láàrin wọn? Ìmọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀dọ́mọkùnrin yìí. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Kò ká èso náà pa mọ́ fún ara rẹ̀. Nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe jáde nínú ìyàn. Ó ní ìfẹ́, ó ní aápọn, aṣọ rẹ̀ sì kún. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù: kò béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni Èlíṣà wà nílé! Àwọn baba wa ní abéèrè kì í ṣìnà. Ìbá jẹ́ pé ó fi ẹyọ kan han àgbà kí ó tó rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì bá tí kígbe.

Èmi kò lè bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí kí n má jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Nígbà tí mo jẹ́ tíṣà ní abúlé kan, tí àwọn ọmọ mẹ́ta ń gbé lọ́dọ̀ mi, òjò rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, olú funfun ńláńlá ti hù káàkiri orí koríko ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́. Inú mi dùn, nítorí owó oṣù kò tíì dé. Mo ká a kún agbọ̀n. Opó arúgbó tí a wọ̀ sí ilé rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó mú ọ̀kan, ó yí i dé, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ dákun, èyí kọ́. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń di àwọ̀ ewé. Olú tí àwa ń jẹ, orí ilé ikán ni ó ti ń hù.” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Ìyá, ẹ má ṣe ìyọnu. Ìgbín ti jẹ lára rẹ̀. Ohun tí kò pa ìgbín kò lè pa ènìyàn.” Mo rò pé nítorí tí mo mọ̀wé, mo mọ olú.

Kí ó tó di ọ̀gànjọ́, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń bì, tí inú ń ṣí. Èyí tí ó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà kò lè dìde mọ́. Ìyá arúgbó yìí kò sùn. Ó ń fún wa ní omi ní díẹ̀díẹ̀, ó sì rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ lọ pe nọ́ọ̀sì ní ìlú kejì. Ọlọ́run ṣàánú, gbogbo wa ni ó yè. Títí ìyá náà fi lọ sí ilé ìsinmi rẹ̀, kò rán mi létí ọ̀rọ̀ náà rí. Ṣùgbọ́n èmi kò gbàgbé pé ìgbéraga tèmi ni ọmọ ọlọ́mọ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀mí rẹ̀ san.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ìgbín àti kòkòrò a máa jẹ olú tí ń pa ènìyàn. Bíbọ̀ kì í mú gbogbo májèlé kúrò, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ àti àlùbọ́sà kò lè fi í hàn. Olú kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù tí kò korò rárá. Ó lè tó ìdajì ọjọ́ kí èébì tó dé. Èébì náà a tún dáwọ́ dúró bí ẹni pé ara ti yá, bẹ́ẹ̀ ni májèlé ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohun tí ó kà nínú ìwé ká olú, kò gbọdọ̀ fi ìwàásù mi yìí náà ká a. Lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, nínú oko, ni a ti ń kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kí ìbẹ̀rù má mú wa gàn ẹ̀bùn Ọlọ́run. Ẹ wo olú orí ọ̀gán. Àwọn ikán ni àgbẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń kó ewé gbígbẹ àti igi wọlé, wọ́n ń tọ́jú olú náà nínú ihò wọn, òun sì ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí òjò bá rọ̀, olú a yọrí síta, a ó ká a, a ó fọ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, a ó sè é pẹ̀lú ẹ̀gúsí tàbí epo pupa, a ó sì fi rọ́pò ẹran. Títí di òní, ènìyàn kò tíì rí i gbìn ní oko tirẹ̀ bí àwọn ikán ti ń gbìn ín. Ẹran tálákà ni, láti ọwọ́ Ẹni tí kò gbàgbé tálákà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo igbe náà. Àwọn tí ó kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ náà wò kò tijú ẹni tí ó sè é. Wọn kò gbé e mì nítorí pé àgbà ni ó pàṣẹ ìkòkò. Wọ́n kígbe, igbe wọn ni ó sì gba àwọn tí kò tíì jẹ là. Nígbà tí ọmọ bá ní, “Màmá, ó korò,” ẹ má ṣe lù ú kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Nínú ìjọ pẹ̀lú, nígbà tí ẹnìkan bá wí pé ẹ̀kọ́ kan korò, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń kígbe náà ṣe bí àwọn ọmọ wòlíì ti ṣe: ènìyàn Ọlọ́run ni kí ó kígbe sí, kí ó má ṣe lọ sọ ọ́ káàkiri ọjà.

Níkẹyìn, ẹ wo ìyẹ̀fun. Èlíṣà kò da ìkòkò náà nù, nítorí ìyàn ni. Agbára kò sí nínú ìyẹ̀fun. Láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni iṣẹ́ ìyanu náà ti wá. Síbẹ̀ Ọlọ́run kan náà ń rán ìyẹ̀fun sí ìkòkò wa lójoojúmọ́ láti ọwọ́ ènìyàn. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Àwọn Pọtogí ni ó gbé e kọjá òkun láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ní májèlé tí ó lè pa ènìyàn. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé kí a rin ín, kí a fún omi rẹ̀ dànù, kí a sì yan án. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ènìyàn wa tí ó padà bọ̀ láti Brazil àti Sierra Leone kọ́ àwọn ará ilé ní gàrí ṣíṣe, ẹ̀gẹ́ sì gbilẹ̀. Ẹ rò ó wò, ará mi: àwọn tí a kó lẹ́rú lọ, tí àwọn ìyá wọn ti sunkún wọn bí òkú, ni wọ́n padà wá pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

Ìyẹ̀fun yìí ń fẹ́ sùúrù. Ní ọdún 1981, ọ̀dá dá ní agbègbè Nampula ní ilẹ̀ Mozambique. Irè oko gbẹ, ẹ̀gẹ́ kíkorò ni ó kù. Ebi kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn dúró pé ọjọ́ tí ó yẹ kí májèlé fi kúrò. Wọ́n gé ọjọ́ kúrú, wọ́n sì jẹ ẹ́. Ó ju 1,000 ènìyàn lọ, tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé, tí ẹsẹ̀ wọn le gbandi lójijì, tí wọn kò sì tún rìn gaara mọ́. Wọ́n mọ ọ̀nà. Ebi ni kò jẹ́ kí wọ́n rìn ín dé òpin. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń ṣe gàrí tà, ẹ má ṣe gé ọjọ́ rẹ̀ kúrú nítorí owó ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ ní oúnjẹ nílé, ẹ mọ̀ pé ẹni tí ó fún aládùúgbò rẹ̀ ní oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta, ó fún un ní ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ yóò fi kan.

Ọ̀rọ̀ kan ni ó kù, òun ni ó sì dùn mí jù. Èmi kò kọ ìmọ̀ opó náà sílẹ̀. Mo tún padà sí abúlé yẹn lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo sì béèrè orúkọ àwọn olú lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní èyí tí a ń tà nínú ike ní ọjà nìkan ni àwọn mọ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ olóko; ṣùgbọ́n olóko mélòó ni ó ṣì mọ ọ̀dú lónìí? Ta ni yóò fi yánrin han ọmọ rẹ̀, tàbí ebòlò, tàbí gúdúgúdú tí ó jọ iṣu tí kì í sì í ṣe iṣu?

Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tíṣà, kí Ìkórè ọdún yìí tó dé, ẹ pe àwọn ìyá àgbà ìjọ jọ pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan mú ewé tí ó mọ̀ lọ́wọ́ wá, kí ó sọ orúkọ rẹ̀, ibi tí ó ń hù, èyí tí a ń bọ̀ àti èyí tí a ń fọ̀, àti èyí tí a kò gbọdọ̀ fi kàn ẹnu. Kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ẹ sì kìlọ̀ fún wọn pé ọmọ kan kò gbọdọ̀ dá ká olú jẹ. Èlíṣà ṣì wà nílé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kí Olúwa, tí ó fi ewébẹ̀ pápá fún wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, fún wa ní ìfẹ́ tí yóò mú wa jáde nítorí ẹlòmíràn, àti ìrẹ̀lẹ̀ tí yóò mú wa béèrè. Kí ó pa ikú mọ́ kúrò nínú ìkòkò wa, kúrò nínú ẹ̀kọ́ wa, àti kúrò nínú ọkàn àwọn ọmọ wa, nípa Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.